Kí Ni Kí N Sọ fún Màmá Àgbà?

Tí obìnrin bá ti nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin dénú, ìyá ọkùnrin náà ni yóò kọ́kọ́ máa bà á lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Télọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́ bí ilé tí wọ́n tì pa, títí di ọjọ́ tí Káfíńtà wá tún tábìlì tó fi ń gé aṣọ ṣe. Ọkùnrin náà kan ìṣó díẹ̀, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ tábìlì dúró ṣinṣin. Ẹsẹ̀ Télọ̀ ni kò dúró mọ́.

Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó báyìí, ó ku kí ìyá Káfíńtà fọwọ́ sí i. Màmá náà kò sì fi bò pé ẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí ń ba òun. Ó ní kò sí télọ̀ tí òun pàdé rí tí kì í ṣe òpùrọ́: aṣọ tí wọn kò tíì gé, wọn á ní ó ku bọ́tìnnì. Síbẹ̀, ó gbé sílíìkì aláwọ̀ aró lé Télọ̀ lọ́wọ́, pé kó fi rán gáùn tí òun yóò wọ̀ lọ sí ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Télọ̀ mọ̀ pé ìdánwò ni.

Gáùn náà wuyì débi pé òun fúnra rẹ̀ ń yọ́ ọ wò. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì nígbà tí fóònù dún. Káfíńtà ni. Ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni, torí igi tí òun ń rẹ́ kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Télọ̀ kọjú sí fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Kó tó gbóòórùn, áyọ́ọ̀nù ti jẹ àyà gáùn náà lu.

Ọmọbìnrin rẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń ṣa bọ́tìnnì sínú agolo. Kò ju ọmọ ọdún méje lọ, ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí bó bá gbàdúrà sí oúnjẹ, oúnjẹ á tutù. Télọ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àdúrà láàárọ̀, ìtàn Bíbélì kó tó sùn, òtítọ́ ní gbogbo ìgbà.

Télọ̀ gbé gáùn náà wò. Ó sáré ronú pé òun lè wá irú sílíìkì náà rà, kí òun tún un rán, tí òun bá ṣáà ti ráyè. Ó wá sọ fún ọmọ náà pé tí Màmá Àgbà, ìyá Káfíńtà, bá wá gba gáùn, kó ní mọ́mì òun ti jáde, ẹ̀rọ ìránṣọ ló bà jẹ́. Òun yóò wà ní yàrá ẹ̀yìn.

Ìyá Ìjọ gbé agolo sílẹ̀.

"Mọ́mì, tí mo bá ti pa irọ́ yẹn tán, ṣé àwa méjèèjì la jọ máa tọrọ ìdáríjì, àbí èmi nìkan?"

Kò fi ṣàfojúdi. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni, bí ẹni ń béèrè èwo ni ojú aṣọ.

Télọ̀ fẹ́ bá a wí, àmọ́ ọmọ náà kò ṣẹ̀. Ohun tó ń fi ẹnu rán lálaalẹ́, òun náà ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú lọ́sàn-án yìí. Ó rántí ẹ̀rín Káfíńtà, omi lé sí i lójú. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin lè lọ kó tún padà; ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá kọ́ ní irọ́, ta ni yóò bá a dá a padà?

Ó yọ áyọ́ọ̀nù nínú iná, ó ká gáùn náà.

"Wọ bàtà ẹ. A jọ ń lọ ni."

Lójú ọ̀nà, ẹni tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí Ìyá Ìjọ pé kó gbàdúrà kí oníbàárà dé. Télọ̀ kò dúró. Ọmọ náà béèrè bóyá ẹ̀rù ń bà á, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún béèrè ìdí tí wọ́n fi wá ń yára, Télọ̀ ní tí òun bá rọra rìn, òun yóò padà sílé ni.

Káfíńtà wà nílé ìyá rẹ̀, ó ń tún ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣe. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ dìde. Télọ̀ kò wò ó, kí ọkàn rẹ̀ má baà rọ̀. Ó tẹ́ gáùn náà sórí tábìlì, ó jẹ́ kí ojú ibi tó jó wà lókè.

"Màmá, èmi ni mo jó o. Fóònù ni mo ń gbọ́."

Màmá náà ki ìka bọ inú ihò náà, ó yọ ọ́. Ó ní òun ti mọ ìṣe télọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ.

"Ìyá Ìjọ, kí ni mọ́mì ẹ ní kó o sọ fún mi?"

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré, Télọ̀ ì bá ṣẹ́jú sí i, ọ̀rọ̀ ì bá bùṣe.

"Sọ ọ́," ni Télọ̀ wí.

"Wọ́n ní kí n sọ pé ẹ̀rọ ti bà jẹ́. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí n wọ bàtà."

Òòlù Káfíńtà dúró lókè. Màmá náà béèrè pé ṣé òun wá parọ́ mọ́ àwọn télọ̀ báyìí.

"Ẹ ò parọ́ mọ́ wa, mà. Mo fẹ́ pa irọ́ náà. Mi ò kàn fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ ọ́n pa ni. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín dé egungun, ṣùgbọ́n mi ò ní fi irọ́ wọlé yín."

Màmá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti sílíìkì, ó sọ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò máa dán gbinrin lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wá bọ́ sórí fóònù tó ń ba iṣẹ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí jẹ́. Ó ní ta ló tilẹ̀ ń bá Télọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án gangan. Káfíńtà wúkọ́. Màmá náà wò ó títí, ó mí kanlẹ̀.

"Jókòó," ó sọ fún Télọ̀. "Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o, ṣùgbọ́n jókòó."

Káfíńtà fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Télọ̀ jókòó, èjìká rẹ̀ kan ti Káfíńtà. Kí màmá náà tó tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, Télọ̀ ti yí inú gáùn náà síta, ó ń wá ibi tí òun ti lè yọ aṣọ díẹ̀ lápá, kí òun fi tún àyà rẹ̀ ṣe.