Ẹ̀yìn Ń Dùn Mí

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn mi wú bí àpòòtọ̀. Bí ó bá bẹ́, ó parí. Dókítà Lehtovaara ní òun kò ní la ikùn mi. Abẹ́ itan ni òun yóò gbà. Òun yóò ti páìpù onírin wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi aṣọ bò gba inú iṣan gòkè, yóò sì ṣí i síbi tó wú. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá.

"Ẹ ò ní sùn o, bàbá. Bí ẹ̀yìn bá dùn yín, ẹ sọ kíá."

Mo ní mo gbọ́.

Abẹ́rẹ́ wọn mú ara mi fúyẹ́. Àjà funfun di adágún wa, yìnyín bò ó dé ibi tí ojú lè rí. Èmi àti Tauno ẹ̀gbọ́n mi ń ti igi gígùn láti ihò kan tí a gbẹ́ gba abẹ́ yìnyín lọ sí ihò kejì, okùn àwọ̀n ẹja ń tẹ̀ lé e. Tauno ti kú tipẹ́. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà ayé rẹ̀ náà, kì í sọ̀rọ̀.

Yìnyín ń kọrin lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà ó sán. Omi gbígbóná tú sí mi lẹ́yìn.

"Bàbá Oiva, ṣé ó ń dùn yín?" Marketta ni, nọ́ọ̀sì, ọmọ abúlé wa ní agbègbè Kainuu.

"Rárá."

"Ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín ti ká jọ."

"Òtútù ni."

"Irú òtútù tó pa bàbá mi nìyẹn. Ó ń la igi lọ, kò wí fún ẹnì kan pé ohun kan ń dun òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe akọni fún mi níbí."

Mo wo Tauno. Igi ló ń tì.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí," mo ní. "Gan-an."

"Dókítà, ó ti ń bẹ́. Ará Kainuu kì í ṣàròyé, òun ló sì ní 'gan-an' yẹn."

Ọwọ́ wọn yá.

"Ẹ má mí," Lehtovaara wí.

Mo sé èémí. Lójú ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ mi ṣàn bí odò dúdú kan, ó pín sí méjì, ó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí èéfín. Páìpù náà ṣí wẹ́rẹ́. Èéfín di tín-ín-rín, ó sì pòórá.

"Ibi tó ń jò ti dí. Ẹ mí, bàbá."

Mo mí. Tauno fa okùn jáde ní ihò kejì, ó kọrí sí etí igbó, kò bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé ó ṣì ń dùn yín?" Marketta bi mí.

"Ó ti ń lọ." Mo rò ó díẹ̀. "Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ìrọ̀rí yìí náà ò dáa."

"Ẹ wò ó," ó ní, "ẹ ti fẹ́ di aláròyé."