Bátìrì Inú Abíyá Urpo

Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ti Oula ará Inari, ìlú olótùútù ní àríwá, fún yín. Igi ìdáná rẹ̀ ń dínkù. Ó gbé kámẹ́rà kọ́ ìta, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni kámẹ́rà ń kú. Ìfura loògùn àgbà: ó sọ káàkiri pé Urpo aládùúgbò òun ló ń pa á, ó sì lúgọ dè é.

Lóòótọ́, Urpo dé, ó yọ bátìrì, ó fi í sí abíyá.

“Ọwọ́ tẹ̀ ọ́, olè!”

“Olè bàbá ta? Òtútù ló ń pa á, àgbàyà! Mò ń mú un móoru, kó lè ya àwòrán olè gidi.”

Wọ́n dá bátìrì padà sínú kámẹ́rà. Nígbà tó di ọ̀sán, àwòrán jáde: ìyàwó Oula ló ń ru igi lọ sílé ìwẹ̀ olóoru.

Oula wò ó títí. “Ta ló ń dáná ìwẹ̀ fún lọ́sàn-án?”

Ẹnu Urpo fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn yìí, kò sì sọ ẹni tó wẹ̀.