Eyín Tí Mo Ní Alángbá Rí

Ẹnu mi mú. Bí ẹ bá dé Oko-Akarè tí ẹ béèrè Oyèfúnkẹ́ tó ń ṣe epo, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún yín nìyẹn kí wọ́n tó júwe ilé mi. Mo ti bá olórí abúlé wí lójú gbogbo èèyàn rí. Mo ti lé oníbàárà kúrò níwájú ilé mi nítorí pé ó ní epo mi kan. Ọ̀rọ̀ kì í há mi lọ́fun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí n sọ láyé mi, òun ni mo gbé mì fún odidi ọdún mẹ́ta, ọmọ ọmọ mi ló sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹfúnwùmí lorúkọ rẹ̀, Ẹfún là ń pè é. Ọmọ Ògúntóyè ọmọ mi ni. Ògúntóyè ń dáko lápá Tatonnonkon, Ọ̀ṣunwùnmí ìyàwó rẹ̀ ń ná ọjà káàkiri, ìyẹn ni ọmọ náà ṣe wà lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Èmi ni mo tọ́ ọ. Bó bá dáa, èmi ni. Bí kò bá dáa, èmi náà ni.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí eyín àkọ́hù rẹ̀ kan yọ, nísàlẹ̀ lápá òsì. Níbí, a kì í sọ eyín ọmọ nù bí ìgbà téèyàn ń da ilẹ̀ nù. Ọmọ á di eyín mọ́wọ́ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, méje fún obìnrin, mẹ́sàn-án fún ọkùnrin. Àgbà á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á wòkè, á wolẹ̀, kó rí i pé kò sí alángbá nítòsí, kó tó jù ú sórí òrùlé. Bí alángbá bá rí eyín yẹn, òmíràn kò ní hù sípò rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún mi ní kékeré, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe sọ fún àwọn ọmọ mi.

Lọ́jọ́ tí Ẹfún mú tirẹ̀ wá, epo wà lórí iná, igi tutù, èéfín ti kó sí mi lójú, inú sì ń bí mi. Ó ní, "Ìyá àgbà, eyín mi rèé." Mi ò ka òkúta kankan. Mi ò wòkè. Mo gba eyín náà, mo jù ú, mo padà sídìí epo mi. Ọmọ náà kò kúrò níbẹ̀.

"Ìyá àgbà, alángbá wà lórí páànù. Ó rí i."

Mo gbójú sókè, alángbá náà ń mi orí sí mi. Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Ọdún kan kọjá, eyín kò hù. Ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, kò hù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti hu tiwọn tán, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ní fèrèsé. Ó máa ń fi ahọ́n tọ́ ibẹ̀ wò. Mo máa ń rí i tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, màá sì yí ojú kúrò, nítorí mo mọ ohun tí mo ṣe. Lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò dùn ún. Bí o bá fọwọ́ kàn án láti ìta, ó le, bí ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n dì sétí aṣọ.

Lọ́jọ́ ọjà kan, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Adja-Ouèrè. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Félicien, ọmọ ẹ̀yà Gùn tó ń sọ Yorùbá bí ẹni ń gun òkè. Ó ní kí Ẹfún lanu, ó tan iná sí i, ó ka eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ ibi tó wú náà síwá sẹ́yìn.

"Ìyá, eyín yìí kò sọnù. Ó wà nínú eegun. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ni, kò rọ́nà jáde. Nígbà mìíràn omi máa ń gbára jọ yí irú eyín bẹ́ẹ̀ ká, á di àpò, àpò náà á sì máa jẹ eegun lọ díẹ̀díẹ̀. Kì í dunni, ibi tó ti burú nìyẹn. Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́, kí wọ́n ya rádíò ẹnu rẹ̀, fọ́tò tó ń fi inú eegun hàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Mo ní mo gbọ́. Ẹfún jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun náà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mò ń bú gbogbo ayé pé wọn kì í sọ òótọ́. Mi ò gbà á gbọ́. Ojú ara mi ni alángbá ṣe mi orí sí mi lórí páànù, báwo ni eyín tó yẹ kó hù ṣe tún máa wà nínú eegun? Ẹ̀rù sì ń bà mí. Bí mo bá sọ fún Ògúntóyè, á béèrè ẹni tó ju eyín àkọ́hù ọmọ náà. Ọ̀ṣunwùnmí á wò mí. Èmi tí mo máa ń bú àwọn ìyàwó ilé pé wọn ò mọ ọmọ tọ́, pé àwọn kan ń ju eyín ọmọ bí ẹni ju èésan ẹ̀kùrọ́. Ojú máa tì mí. Kò ju ìyẹn náà lọ. Ojú ni mi ò fẹ́ kó tì mí.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà, mo fà á lọ́wọ́. Mo ní, "A ò ní tíì sọ fún bàbá rẹ. Màá wá nǹkan ṣe sí i."

"Ó dáa, Ìyá àgbà."

Nǹkan tí mo wá ṣe sí i rèé. Láàárín àwa tó ń ṣe epo, ọmọ tí eyín rẹ̀ bá ń lọ́ra, ẹ̀kùrọ́ gbígbẹ la fi ń pe eyín náà jáde. Ọmọ á máa fi ẹ̀gbẹ́ yẹn rún un, kí eyín lè gbọ́ pé iṣẹ́ wà níta. Mo bá ń pa ẹ̀kùrọ́, mò ń ṣa èyí tó le jù, mò ń fún Ẹfún lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ní, "Apá òsì. Má fi ọ̀tún jẹ ẹ́." Ó ń jẹ ẹ́. Bó bá fẹ́ dáwọ́ dúró, màá fi ojú sọ fún un pé kó tẹ̀ síwájú. Ọdún mẹ́ta.

Kì í ṣe pé àwọn òbí rẹ̀ kò ríran. Ọ̀ṣunwùnmí bi mí, mo ní ṣẹ́gẹdẹ ni, mo ti fi àdín pa á. Lọ́dún kejì ó tún bi mí, ó ní, "Ìyá, ṣẹ́gẹdẹ kì í pẹ́ tó báyìí." Mo jágbe mọ́ ọn pé ta ló tọ́ ọkọ rẹ̀ dàgbà. Kò bi mí mọ́. Ẹnu mi mú, mo ti sọ fún yín.

Lọ́dún tí Ẹfún pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì ti yọ síta débi pé ó máa ń fi ìborùn bo ibẹ̀ lọ sílé ìwé. Ọ̀sán ọjọ́ kan, a ń já ẹyìn lára ìdì, àwa méjèèjì. Mo na ẹ̀kùrọ́ sí i bí iṣe mi. Ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó rún un. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ó dún kọ́, ìró kékeré gbígbẹ, mo sì rò pé ẹ̀kùrọ́ ló fọ́. Ẹfún fi ọwọ́ méjèèjì gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde, omi kan tó pọ́n rúsúrúsú sì ń tẹ̀ lé e, ó ń dà sórí ẹyìn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò ké. Ojú ló fi ń wò mí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀kadà ló gbé wa dé Adja-Ouèrè, Félicien ti kúrò níbẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn. Ọlọ́run ló mọ̀, inú mi dùn pé kò sí níbẹ̀. Àwọn tí a bá níbẹ̀ di àgbọ̀n ọmọ náà mọ́rí, wọ́n ní kí á máa lọ sí Àjàṣẹ́. Ògúntóyè àti ìyàwó rẹ̀ bá wa lójú ọ̀nà.

Dókítà tó ń tọ́jú àgbọ̀n ní Àjàṣẹ́ obìnrin ni, Nàfísátù lorúkọ rẹ̀, kò ga, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ya rádíò náà, ó gbé e síwájú iná, ó ní kí gbogbo wa wá wò ó. Mo rí eegun àgbọ̀n ọmọ mi, funfun. Mo rí ihò dúdú kan nínú rẹ̀, ó rí roboto, ó gbòòrò tó ẹyin adìyẹ. Ní ìsàlẹ̀ ihò náà ni eyín kan dùbúlẹ̀ sí. Ó pé. Kò ní àbùkù kankan, orí rẹ̀ àti gbòǹgbò rẹ̀ pé.

Dókítà fi ìka sí etí ihò náà. Ó ní eegun tó kù lábẹ́ rẹ̀ kò nípọn ju èèpo ẹyin lọ, ibẹ̀ ló ṣẹ́. Ó fi abẹ́rẹ́ fa omi inú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ nínú awọ àpò náà fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wò ó, nítorí irú mìíràn wà tó jọ ọ́, tó jẹ́ pé gbogbo apá àgbọ̀n yẹn ni wọn ì bá gé sọnù. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ta ló kọ́kọ́ wò ó, kí ló dá wa dúró.

Mo gbé ojú sílẹ̀.

Ẹfún kò lè sọ̀rọ̀. Dókítà fún un ní bíìkì àti pépà. Ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ ní Faransé, ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Dókítà kà á, ó mi orí, ó na pépà náà sí Ògúntóyè. Ògúntóyè kà á, ojú rẹ̀ yí padà. Mi ò mọ̀wé. Mo mọ̀ pé orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ náà, mò ń dúró kí wọ́n wá bá mi, kò sì sẹ́ni tó wá.

Wọ́n kó àpò omi náà jáde, wọ́n yọ eyín náà, wọ́n fi irin de eegun tó ṣẹ́, wọ́n sì fi wáyà di eyín òkè mọ́ tìsàlẹ̀ kí ẹnu má baà ṣí. Nígbà tí èsì dé, dókítà ní kì í ṣe irú burúkú yẹn, àpò omi lásán ni. Ògúntóyè dúpẹ́. Dókítà ní kó má tíì dúpẹ́.

"Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ihò kékeré là bá lu sí i lára, kí omi rẹ̀ máa jáde, kó máa súnkì. Eyín yẹn ì bá sì jáde fúnra rẹ̀, sí ipò rẹ̀. Nísinsìnyí, iṣan tó ń jẹ́ kí ètè mọ̀ bí nǹkan bá kàn án ti já níbi tí eegun ti ṣẹ́. Mi ò rò pé á padà."

Ògúntóyè wọlé tọ ọmọ rẹ̀ lọ. Ó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ta ló ní kó o máa fi ara rẹ pamọ́? Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ. Olórí kunkun ọmọ." Ẹfún dùbúlẹ̀ tòun ti wáyà lẹ́nu, ó ń wo àjà.

Mo fa Ọ̀ṣunwùnmí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní kí ló dé tí wọ́n ń bá ọmọ wí. Ó yọ pépà náà nínú àpò, ó kà á fún mi ní Yorùbá, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó wò ó rí. Mo fi pamọ́ fún gbogbo wọn. Ìyá àgbà mi kò mọ̀, ó rò pé ṣẹ́gẹdẹ ni."

Mo wo Ẹfún. Ó ti yí ojú sí mi, ó sì rọra mi orí fún mi, ẹ̀ẹ̀kan, pé kí n má sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń bo àgbà láṣìírí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo wọ́ ọ.

Mo bá sọ ọ́. Mo sọ ti alángbá, mo sọ ti Félicien, mo sọ ti ẹ̀kùrọ́. Mo sọ ọ́ níwájú àwọn aláìsàn tó wà nínú yàrá náà. Ògúntóyè kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ó ní, "Màmi. Ọdún mẹ́ta." Ó jáde. Ọ̀ṣunwùnmí ká pépà náà sí méjì, ó dá a padà sínú àpò, ó ní, "Ìyá, mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì."

Wọ́n mú Ẹfún lọ sí Tatonnonkon. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń fa ògì láti ihò tín-ín-rín àárín eyín rẹ̀ kí wọ́n tó tú wáyà náà. Ògúntóyè máa ń wá kí mi, ó máa ń kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n kì í jẹun lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ Àìkú tí kò sí ìwé, ọmọ náà fúnra rẹ̀ máa ń wọ ọ̀kadà wá bá mi. Àgbọ̀n rẹ̀ ti wọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé máa ń wo ẹnu rẹ̀.

Dókítà ti fi eyín náà sínú ìgò kékeré, Ọ̀ṣunwùnmí sì gbé e fún mi láìsọ nǹkan kan. Mo ṣa òkúta méje. Nígbà tí Ẹfún wá, mo bi í bóyá ká jù ú, mo ní mo ti wo òrùlé, kò sí alángbá.

Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí èyí tó máa hù mọ́."

Mo gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀. Ó ń jẹ, ó ń sọ ti ilé ìwé fún mi, itọ́ àti ẹ̀kọ sì ń ṣàn láti etí ètè rẹ̀ òsì wá sí àgbọ̀n, ó ń kán sára aṣọ rẹ̀, kò mọ̀. Mo fi etí ìró mi nù ún. Kò dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró, nítorí kò mọ̀ pé mò ń nù ún.