Àdúgbò Tí Kì Í Lo Iná

Hamzah kì í jalè. Ẹ bi í, yóò búra fún yín. Ó kàn ń bá àwọn èèyàn tún mítà ṣe ni, kí iná lè máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láìwọ inú ìṣirò. Ní gbogbo àdúgbò wọn lẹ́yìn Táíwò Road, kò sí ilé tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé, láti ilé Alhaji tó ń tan ẹ̀rọ amúlétutù tọ̀sán-tòru títí dé ṣọ́ọ̀bù Táòfíkì télọ̀. Kì í fúnni ní rìsíìtì, ìjọba kò sì mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àdúgbò yìí ti gba epo ọ̀hún, wọ́n tilẹ̀ ti fi dín àkàrà.

Mọ́sálásí nìkan ni Hamzah kò fọwọ́ kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé háráàmù ni kí èèyàn máa fi iná olè kírun. Lọ́jọ́ Jímọ̀, òun ló ń gbé abọ́ kiri kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lè dáwó iná fún ilé Ọlọ́run, orí rẹ̀ a sì máa wú.

Ó ku díẹ̀ kí ààwẹ̀ wọlé ni tiransifọ́mà wọn gbóná títí, ó bú gbàmù, ó kú. Kò ya ẹnikẹ́ni tó mọ ẹrù tó wà lórí rẹ̀ lẹ́nu.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Saeedah, ìyàwó Hamzah. Zobo àti kúnnú tútù ló ń tà, èrè oṣù ààwẹ̀ ló sì fi ń gbọ́ bùkátà ọdún. Fíríìsà ńlá tó fi àjọ rà ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń retí iná.

"Bàbá Nabeelah," ó ní, "bí wọn ò bá gbé òmíràn wá kí oṣù tó lé, mo gbé."

Ilé iṣẹ́ iná rán ọmọbìnrin Ọ̀mù-Àrán kan, Túnmiṣe, sí àwọn ará àdúgbò. Ó kó wọn jọ síwájú mọ́sálásí.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú," ó ní. "Mọ́sálásí yìí nìkan la rí pé ó ń ra iná gidi níbí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tiransifọ́mà kékeré la máa gbé wá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ fún mi, ká yẹ mítà yín wò, kí n kọ̀wé fún ńlá."

Gbogbo ojú yí sí Hamzah. Saeedah náà ń wò ó láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Hamzah mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ló máa gba fíríìsà náà là, ó sì mọ̀ pé gbólóhùn yẹn lè gbé òun dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ká má parọ́, ẹ̀rù bà á.

"Àǹtí," ó ní, "tálákà ni wá o. Àtùpà la ń tàn. Wálàhí, a kì í lo iná."

"Rárá o!" Alhaji gbè é lẹ́sẹ̀. "Inú ooru la máa ń sùn."

Táòfíkì ní ọwọ́ lòun fi ń ránṣọ. Túnmiṣe wo àwọn wáyà tó dì bí ìtẹ́ ẹyẹ lókè orí wọn, ó ní òun ti gbọ́.

Wọ́n gbé kékeré wá lóòótọ́. Wọ́n so ó mọ́ mọ́sálásí, wọ́n sì ká wáyà àwọn ilé yòókù lọ, kó má baà ṣòfò lọ́dọ̀ àwọn tí kì í lo iná.

Ààwẹ̀ wọlé. Saeedah ń ra yìnyín láti àdúgbò Post Office, ó ń yọ́ kó tó délé, zobo sì ń kan. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Nínú mọ́sálásí tó mọ́lẹ̀ rokoṣo, Ìmáàmù ṣàdúrà fún Hamzah, ó ní ọkùnrin náà ni kò jẹ́ kí wọ́n fi iná olè ba ilé Ọlọ́run jẹ́. Àwọn tó làágùn wá láti ilé wọn ṣe àmín.

Kí ààwẹ̀ tó dé ìdajì, obìnrin oníṣòwò kan, Hàúwà, wá láti Malete láti ra fíríìsà náà. Ó ṣí i, ó pa á dé.

"Ṣé kò níṣòro, tẹ́ ẹ fi ń tà á nínú ààwẹ̀?"

"Kò ní," ni Saeedah dáhùn. "Àwa la kì í lo iná. Ẹ bi bàbá Nabeelah, ó ti búra sí i."

Hamzah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá wọn gbé fíríìsà náà síta.