Iṣẹ́ Olóògbé: Kò Sí

Ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú dúrọ́ọ̀ Ìyá Onígèrè, lábẹ́ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ kan tí kò tíì rí ẹni fún. Ìwé ikú ni. Orúkọ ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ tó kú wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé òkun ló gbé e lọ. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà pé: Iṣẹ́ olóògbé: kò sí.

Kò sí kẹ̀! Ọkùnrin tó ń jí ṣáájú oòrùn fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, tó ń ju ìgèrè sí ìsàlẹ̀ òkun, tó ń fà á jáde títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi le bí ìdí ìkòkò! Alákàṣà ló ń pa, ẹ̀gbọ́n edé tó gbé ìhámọ́ra wọ̀, tó ní ọwọ́ méjì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, tí àwọn ilé oúnjẹ ńlá ń já gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ iṣẹ́, kí wá ni akọ̀wé tó jókòó sórí àga láti àárọ̀ dalẹ́ ń ṣe?

Ó bi akọ̀wé náà bẹ́ẹ̀ lójúkojú, lọ́jọ́ tó lọ gba ìwé ọ̀hún. Akọ̀wé náà kò bínú. Ó yí ìwé ńlá kan sí i láti fi hàn án.

“Ìyá, ẹ wò ó fúnra yín. Gbogbo iṣẹ́ tí ìjọba mọ̀ ló wà nínú ìwé yìí. Apẹja wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ẹja pípa ni. Ṣé ọkọ yín ní?”

“Wọn kì í fún àwa. Wọ́n ní alákàṣà kì í ṣe ẹja.”

“Ẹ ò wá rí i? Alákàṣà kì í ṣe ẹja, ọkọ yín náà kì í sì í ṣe apẹja. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.” Ó yí ìwé náà padà, ó mú gègé. “Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni kí n kọ síwájú iṣẹ́ ẹni tó wá gba ìwé?”

Kí Ìyá Onígèrè tó la ẹnu, akọ̀wé ti kọ ọ́: ìyàwó ilé. Obìnrin tó hun ìdajì ìgèrè tó wà nínú òkun náà ni ó ń kọ bẹ́ẹ̀ fún o. Nígbà tí ọjọ́ ogójì sì fi máa pé, òun gan-an ló ń wa ọkọ̀ ọkọ rẹ̀, tó ń fa okùn tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ìyàwó ilé! Inú ilé wo?

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni alága ẹgbẹ́ àwọn apalákàṣà. Ìyá Onígèrè fi ọdún méje jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọkọ lọkọ ń jẹ́: Baba Kékeré ló ń pè é, òun náà a sì máa pe obìnrin náà ní ìyàwó wa, pàápàá bó bá fẹ́ kó bá òun gbé nǹkan wúwo. Ó nífẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bí ẹ bá ní kó kí àwùjọ, kí ẹ ti wá àga jókòó. Òun ló ń kọ lẹ́tà sí ìjọba lórúkọ ẹgbẹ́, pé kí wọ́n dá iṣẹ́ àwọn mọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá yẹn. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ ọ́. Èsì kan náà ló ń wá: “A ti rí lẹ́tà yín.” Ìyá Onígèrè ní ó dára, ó kéré tán ojú wọn kò fọ́.

Ohun tó jí ìjọba lójú oorun ni pé àwọn olówó tó ní ọkọ̀ ńlá, àwọn tó ń wọ́ àwọ̀n onírin nílẹ̀ òkun, kọ lẹ́tà tiwọn náà. Wọ́n ní kí ìjọba fún àwọn ní apá òkun yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ gidi níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan tí kò lófin, tí wọ́n ń kó ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá tó, ló ń jẹ ibẹ̀ bí eṣú. Bí àwọ̀n onírin bá kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, ìgèrè kan kò ní ṣẹ́kù. Ìjọba wá ní òun yóò rán ọ̀gá kan wá fojú ara rẹ̀ wò ó. Bó bá rí iṣẹ́ tó ní ètò, wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Bí kò bá rí i, ọkọ̀ ńlá ló ni òkun.

Ọkọ̀ Ìyá Onígèrè ni ẹgbẹ́ yàn pé kí ọ̀gá náà wọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í kọṣẹ́, inú rẹ̀ sì mọ́ ju yàrá ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ.

“Ìyàwó wa,” ni Baba Kékeré wí nígbà tí wọ́n ń to okùn, “alákàṣà ńlá ni kí ọkùnrin yẹn rí o. Ó ní òun fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, kí òun gbé e lọ bá àwọn àgbààgbà ibi iṣẹ́ òun. Èyí tó máa jẹ́ kí ẹnu yà wọ́n.”

“Ṣé èmi ni mo bí alákàṣà ni? Ohun tó bá wọnú ìgèrè la máa rí.”

“Ẹ sáà gbàdúrà.”

Ó ń gbàdúrà. Kò sọ fún un pé láti ìgbà tí lẹ́tà ìjọba yẹn ti dé, ojoojúmọ́ lòun ń ṣí dúrọ́ọ̀ náà. Bí iṣẹ́ náà bá wọ ìwé, ọkọ òun yóò níṣẹ́. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ọ̀lẹ ni ìwé yóò máa pè é títí ayé, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò kà á bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì gbà á gbọ́, torí pé ìwé ló wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá náà dé pẹ̀lú bàtà funfun àti fáìlì kan tó dì mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Kí wọ́n tó kúrò ní èbúté, àwọn apalákàṣà ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Onífáìlì. Kí wọ́n tó dé ibi rọ́bà pupa àkọ́kọ́ tó léfòó lórí ìgèrè, ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Ó nu ẹnu, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Ìyá Onígèrè fẹ́ràn ìyẹn nínú rẹ̀.

Ìgèrè àkọ́kọ́ jáde lófìfo. Èkejì ní méjì nínú. Ìyá Onígèrè fi ọ̀pá ìwọ̀n wọ̀n wọ́n, wọn kò tó o, ó dá wọn padà sómi. Ẹ̀kẹta, akàn ló jókòó síbẹ̀ tó ń yọjú, ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Baba Kékeré ń làágùn, ó ti ń ṣàlàyé fún ọ̀gá pé òṣùpá ló fà á, pé ìgbì ló fà á. Wọ́n fa ìgèrè mọ́kànlá, alákàṣà mẹ́rin péré ni wọ́n rí mú, kò sì sí èyí tó tóbi nínú wọn. Ọ̀gá náà ń kọ nǹkan sínú fáìlì rẹ̀, kò sẹ́rìn-ín lójú rẹ̀.

Ìgèrè kejìlá wúwo. Láti inú okùn ni Ìyá Onígèrè ti mọ̀. Nígbà tó yọrí lójú omi, Baba Kékeré pariwo bí ẹni tí wọ́n bí ìbejì fún. Alákàṣà kan ló wà níbẹ̀, ó gùn tó apá àgbàlagbà láti ìgúnpá dé ìka, ọwọ́ rẹ̀ kan fẹ̀ ju bàtà ọ̀gá lọ. Ọ̀gá gbàgbé èébì. Ó fa fóònù yọ láti ya àwòrán.

“Ẹ gbé e sókè, ìyá! Ẹ gbé e sókè dáadáa!”

Ìyá Onígèrè mú un lẹ́yìn, ó yí i padà bó ṣe máa ń yí gbogbo wọn padà, ó wo ìrù rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì jù ú padà sínú òkun.

Fóònù ọ̀gá ṣì wà lókè, omi nìkan ló ya.

“Ìyàwó wa,” ni Baba Kékeré wí, “ẹ ti pa wá. Lónìí? Lónìí náà kẹ̀? Ẹ ti pa wá pátápátá!”

“Ẹ ò rí ìrù rẹ̀ ni?”

“Ìrù wo? Ta ló ń wo ìrù lónìí?”

Ọ̀gá rọra fi fóònù sápò. “Ìyá, mo ti fojú wọ̀n ọ́n. Ó ju ìwọ̀n lọ dáadáa. Kò gbé ẹyin. Kí ló dé tí ẹ jù ú nù?”

Ohun tí Ìyá Onígèrè ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é kí orí rẹ̀ tó dá sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe é láti ọdún gbọọrọ. Ó jókòó sórí àkójọ okùn, ó sì ṣàlàyé.

“Ọ̀gá, bí abo tó gbé ẹyin bá wọ ìgèrè wa, a kì í mú un. A máa fi ọ̀bẹ gé etí ìrù rẹ̀ díẹ̀, a óò dá a padà. Ẹni yòówù tó bá tún pàdé rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, bí kò tilẹ̀ gbé ẹyin mọ́, tó bá ti rí ibi tí wọ́n gé, ó ti mọ̀ pé ìyá ọmọ ni. Ó gbọ́dọ̀ dá a padà. Èyí tí mo jù nù, wọ́n ti gé e.”

“Ta ló ṣòfin yẹn?”

“A bá a níbẹ̀ ni.”

“Inú ìwé wo ló wà?”

“Ara ìrù wọn ló wà.”

Ọ̀gá wò ó. “Bí ẹnikẹ́ni kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, láàárín òkun, pẹ̀lú irú ẹran ńlá báyìí?”

“Ọ̀gá, òní ni ì bá wù mí jù láti mú un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá wò wá ló wà nínú ọkọ̀ mi. Àná ni mo bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní irú rẹ̀.” Kò fẹ́ sọ ìyókù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. “Mo sì mọ ọwọ́ tó gé e. Ọ̀bẹ tiwa lẹ́nu ṣóńṣó, ojú ibi tí a bá gé a máa mú. Ọkọ mi ṣẹ́ ẹnu tirẹ̀, kò sì gbà kí n ra òmíràn fún un. Ojú ibi tó bá gé máa ń rí pẹrẹsẹ. Ibi tí wọ́n gé lára ìyẹn rí pẹrẹsẹ. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti kú, ẹran tó dá sí ṣì wà láàyè. Ọkùnrin yẹn ni ìjọba yín kọ ọ́ fún pé kò níṣẹ́.”

Baba Kékeré yí ojú sí òkun.

Ọ̀gá ní kí wọ́n fa ìgèrè tó kù. Nínú ìgèrè kẹẹ̀ẹ́dógún, abo kan wà tó gbé ẹyin ṣìkìtì sábẹ́ ìrù. Ó ní kí wọ́n kọ́ òun. Ó kúnlẹ̀ sínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tòun ti bàtà funfun rẹ̀, ó gba ọ̀bẹ, ó gé ìrù náà wọ́gọwọ̀gọ bí ẹni ń gé irun ọmọ tó ń sunkún, alákàṣà náà sì fún un ní ìka pinpin. Ó kígbe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó dá a padà sómi fúnra rẹ̀, ó wá ṣí fáìlì rẹ̀, ó sì kọ̀wé títí wọ́n fi dé èbúté.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni ìwé òfin dé. Baba Kékeré gun orí àpótí yìnyín lábẹ́ ilé tí wọ́n ń kó ẹja sí, ó kà á sókè. Wọ́n ti kọ iṣẹ́ alákàṣà pípa sínú ìwé iṣẹ́. Ìwé àṣẹ yóò wà fún olúkúlùkù wọn. Àwọ̀n onírin kò gbọ́dọ̀ wọ apá òkun wọn. Nígbà tó dé ibi tí òfin ti wí pé ẹnikẹ́ni tó bá mú abo tí wọ́n ti gé ní ìrù ti rú òfin, ariwo sọ, gbogbo ọkọ̀ tó wà ní èbúté fun fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyẹ òkun sì fò tìrì. Àgbàlagbà ń dì mọ́ àgbàlagbà. Baba Kékeré fò sílẹ̀ láti orí àpótí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó wọn lórí ilẹ̀ tútù. Inú Ìyá Onígèrè dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ kan ilẹ̀. Síbẹ̀ kò dúró jó. Ó lọ sílé, ó ṣí dúrọ́ọ̀.

Akọ̀wé àtijọ́ náà ló bá lórí àga àtijọ́. Ó tẹ́ ìwé ikú náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì tẹ́ ìwé òfin lé e, ó fi ìka sí ibi tí ọ̀gá ti rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́: ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí òfin tó dé, ìbáà ti kú, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Akọ̀wé kà á, ó ṣí ìwé ńlá rẹ̀, ó wá ojú ewé tuntun. Ó wá mú ìwé ikú tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

“Ẹ kà á fún mi,” ni Ìyá Onígèrè wí.

“Iṣẹ́ olóògbé: apalákàṣà.”

Ìyá Onígèrè fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé náà mú lórí tábìlì. Omijé rẹ̀ ń bọ́, kò sì nù ún. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń yọrùn láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

“Ó ku ibì kan,” ni akọ̀wé wí, gègé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró, ó ń wo ojú obìnrin náà. “Iṣẹ́ ẹni tó wá gba ìwé. Kí ni kí n kọ, mà?”

“Apalákàṣà.”

Akọ̀wé ní kò yẹ kó pariwo tó bẹ́ẹ̀, etí òun kò di. Ìyá Onígèrè tún un sọ, ó sì pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.