Orin Èébú Tó Wọ Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹnu ya Susanna nígbà tó gbọ́ pé àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ kò ní í wá síbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Bí ilé ọkọ kò bá bá obìnrin gbé òkú ìyá rẹ̀ ní Ìlọfà, ojú wo ni yóò fi jáde?

Bándélé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀. Ó wálé ṣọdún ìbílẹ̀ ní èṣí, ní 1998. Nínú ọdún náà, ọjọ́ kan wà tí wọ́n máa ń tú ẹnu sílẹ̀. Wọ́n á kọrin bú olówó, wọ́n á bú ìjòyè, ẹnì kan kò gbọdọ̀ bínú. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Bàbá Fọláyan, àgbà àdúgbò, á da omi sílẹ̀ lójú agbo, èébú kú nìyẹn. Ẹni tó bá tún un kọ lọ́jọ́ kejì ti ba ìlú jẹ́. Wọ́n kọrin pé ẹrú ni baba ńlá ọkọ Susanna, ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì jó sí i. Àṣé Bándélé ti há orin náà sórí! Ó dé Amẹ́ríkà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti ń tàkúrọ̀sọ, pẹ̀lú orúkọ ilé náà gbangba. Eré ló pè é o.

Nígbà tó wálé fún ìsìnkú náà, wọ́n pè é síwájú Bàbá Fọláyan, Susanna àti ọkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

"Ìsí lọba ibi tí o kọ ọ́ sí?" Bàbá bi í, ó fẹ́ mọ ẹni tó ń jọba níbẹ̀.

"Éè sí ọba níbẹ̀, Bàbá."

"Oòrùn ibẹ̀ ńkọ́?"

"Éè wọ̀. Bí ulẹ̀ bá ṣú níhìn-ín, ó ti mọ́ níbòmíràn. Ẹni tó bá ṣí i á kà á."

Ọkùnrin tó ń fi igbá omi kan pa gbogbo ìlú lẹ́nu mọ́, ó kan ń mirí.

"Kí ìjọba ṣòfin sí i," ni ọkọ rẹ̀ fi ìbínú wí.

"Ìjọba wo?" Susanna, tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, dá a lóhùn. "Àná kọ́ ni àwọn ológun ń ti ilé ìwé ìròyìn pa? Ṣé ẹnu gbogbo ayé lẹ tún fẹ́ fà lé irú wọn lọ́wọ́?" Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ ọ́ náà, òun náà kò mọ ẹni tó lè dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró.

Bándélé sáré lọ sí Ìlọrin, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, láti pa á rẹ́. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti fà ro.

"Mo pa tèmi rẹ́," ó ní. "Àwọn mìíràn ti gbé e lọ. Àwọn tí wọn kò gbọ́ orúkọ Ìlọfà rí ń fi tiwọn kún un. Susanna, mi ò lè kó o mọ́."

Láàárọ̀ ìsìnkú, wọ́n ti gbé pósí jáde, ọkọ rẹ̀ nìkan ló wá láti ilé wọn. Ìgbà náà ni ọkọ̀ kan dúró. Adégbóyèga, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí Susanna ń pè ní Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ará ilé ọkọ Susanna tó ti lọ bẹ̀ sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Susanna kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ọmọ mi ka orin yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù," Adégbóyèga wí jẹ́ẹ́. "Ó bi mí bóyá ẹrú ni wá lóòótọ́."

Adégbóyèga kọjá lọ síbi pósí, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki èjìká bọ abẹ́ rẹ̀, ó wá bojú wo Bándélé.

"Gbé ẹ̀gbẹ́ tìrẹ," ó ní. "Ìyá wa wúwo."