Ẹ̀kán Méjì Lójú Ọmọ Ìyálé

Ẹ̀kán kejì bọ́ sójú òsì, ọmọ náà sì figbe ta. Aránṣọ di orí rẹ̀ mú gírígírí kí nọ́ọ̀sì lè ráyè ṣiṣẹ́.

"Mọ́mì, ó ń ta mí!"

"Fara balẹ̀. Ó máa tó tán."

Ẹni tó bá rí i á ní ìyá gidi rèé. Ṣùgbọ́n ìyálé rẹ̀ ló bí ọmọ náà, tó sì kú kí ọmọ náà tó hu eyín. Aránṣọ ló tọ́ ọ dàgbà pẹ̀lú Dúdú, ọmọ tirẹ̀. Kíláàsì kan náà làwọn méjèèjì wà. Ọmọ ìyálé ni wọ́n ń pè ní Ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Dúdú ni wọ́n máa ń bi pé ṣé kò lè ṣe bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun Aránṣọ tipẹ́.

Nọ́ọ̀sì dé ìgò oògùn. "Ẹ gbọ́ o, Màmá. Oògùn yìí máa la ọmọlójú rẹ̀ gbàgàdà kí dókítà lè rí inú ojú. Ẹnu rẹ̀ lè gbẹ, ara rẹ̀ lè gbóná. Tó bá ń sọ ìsọkúsọ, ẹ tètè gbé e padà wá. Ohun tó bá sún mọ́ ọn á máa ṣú lójú rẹ̀ títí di ọ̀la. Ohun tó jìnnà nìkan ló máa rí dáadáa. Ẹ má jẹ́ kó kàwé lónìí."

"Kò ní kàwé, nọ́ọ̀sì."

Irọ́ ni. Ní agogo kan ọ̀sán, kíláàsì wọn máa kàwé sókè níwájú àlejò láti iléèwé ńlá kan, ojú ìwé tí wọn kò rí rí. Ẹni tó bá kà á já jù ló máa gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún mẹ́fà. Ọmọ kan ṣoṣo. Oṣù kan gbáko ni ìwé àyẹ̀wò ojú tí ilé ìwòsàn fún wọn ti wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n sì ní kí Aránṣọ mú ọjọ́ tó bá wù ú. Oníbàárà rẹ̀ kan ló ti sọ fún un bí oògùn náà ṣe ṣe ọmọ tirẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù; iwájú Dúdú ni Aránṣọ ń da omi sí.

Lójú ọ̀nà iléèwé, oòrùn gún Ọ̀mọ̀wé lójú. Ó di aṣọ Aránṣọ mú, ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ọmọ adìyẹ.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí, Mọ́mì."

"Tó o bá kàwé tán."

"Ẹ ṣé, Mọ́mì. Ẹ ò ṣí ṣọ́ọ̀bù lónìí nítorí mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún Aránṣọ díẹ̀. Díẹ̀ náà ni.

Nínú gbọ̀ngàn, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pátápátá. Dúdú kọ́kọ́ kàwé; ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kà á tán. Ó wá kan Ọ̀mọ̀wé. Ọmọ náà gbé ìwé sún mọ́ imú. Ó gbé e jìnnà. Ó na ọwọ́ tán, apá rẹ̀ kò gùn tó. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Aránṣọ náà sì fi ìborùn bo ẹnu, ó ń rín tirẹ̀.

"Kí ló dé?" ni ọ̀gá àgbà iléèwé bèèrè.

"Wọ́n kán oògùn sí mi lójú láàárọ̀, sà."

"Lọ́jọ́ ìdíje? Ta ló tẹ̀ lé ọ wá? Tó bá jẹ́rìí sí i, a máa sún tìrẹ di ọ̀túnla."

Aránṣọ tẹrí ba kíá bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì. Ó yọjú díẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ń wo àwọn bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ojú rẹ̀ fi dé ti ẹ̀yìn. Ó dúró síbẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé mi wá, sà."

Aránṣọ mí kanlẹ̀. Kò rí mi, ló wí nínú ara rẹ̀. Oògùn náà mà jẹ́ o!

Dúdú ni wọ́n mú. Ó sáré wá dì mọ́ ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà.

Lẹ́nu ọ̀nà, Aránṣọ na ọwọ́ sí Ọ̀mọ̀wé kí ó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ náà kò gbá a mú. Ó fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn náà fúnra rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Ìborùn yín bọ́ nígbà tí ẹ tẹrí ba, mà," ló wí. "Abẹ́ bẹ́ǹṣì ló wà."

Aránṣọ fọwọ́ kan èjìká. Kò sí ìborùn níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tó wá padà sí i létí, èyí tí kò kà sí láàárọ̀: ohun tó jìnnà nìkan ló máa rí dáadáa. Ó padà wọ gbọ̀ngàn lọ láti mú ìborùn náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀, nítorí kò mọ ojú tí yóò fi wo ọmọ náà.